Ẹsẹ̀ Mi Kò Kán, Yèyé: Pákó Eré Orí Òjò Dídì Lẹ Rí

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ọyẹ́ tó ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Àmọ́ n ò ní kí yín kú ààwẹ̀, torí ààwẹ̀ tí mo gbọ́ pé ẹ ń gbà nítorí mi yìí, n ò fara mọ́ ọn rárá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ẹ̀gbọ́n yín tí ń to eegun. Mo kí Àǹtí mi Dúpẹ́ ní Ọ̀fàtẹ̀dó, torí àwọn ni yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán o. Ẹ má fo ibì kankan, títí kan ibi tí mo bá ti fi yín ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń gbóhùn mi. Ọ̀rọ̀ inú ilé ló ti di ọ̀rọ̀ ìta. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín n'Íléṣà pé Táyọ̀ ti di arọ sílẹ̀ òyìnbó. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Mo gbọ́ pé ẹnìkan tí n ò mọ̀ rí ti ń fi orúkọ mi gbàdúrà ní Ẹ̀sà-Òkè. Ọlọ́run á gbọ́ tiwọn o, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò kán. Méjèèjì ló pé. Orí wọn ni mo dúró lé tí mo fi ń kọ ìwé yìí, torí ilé ìdáná ni mo wà, wọn kì í gbé àga síbẹ̀ fún irú wa.

Fọ́tò yẹn ló fa gbogbo ẹ̀. Mo fi rán ẹni tí ń bọ̀ wálé ṣọdún Kérésì, inú mi ń dùn pé ẹ ó rí mi nínú kóòtù tuntun. N ò kọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn. Kí lẹ wá rí? Ẹ rí ọmọ yín tó so pákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó so òmíràn mọ́ tòsì, tó gbára lé ọ̀pá méjì, ilẹ̀ tó dúró lé sì funfun báláú bí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Bó bá jẹ́ ilé ẹlòmíràn ni, wọn ì bá rẹ́rìn-ín, kí wọ́n lẹ fọ́tò mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ilé a-to-eegun ni wọ́n bí ẹ̀yin sí. Láti kékeré lẹ ti ń bá bàbá yín la ọparun tí wọ́n ń dì mọ́ ẹsẹ̀ tó kán. Ẹni tó dàgbà sí irú ilé bẹ́ẹ̀, tó wá rí igi lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó rò? N ò dá yín lẹ́bi.

Ìwé Àǹtí Dúpẹ́ ni mo ti mọ ìyókù. Àǹtí ní ẹ gbé fọ́tò náà lọ bá Bàbá Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọ́n ní ẹsẹ̀ méjèèjì ló kán, pé òyìnbó tó dì í kò sì mọ̀ ọ́n dì, pákó ti gùn jù. Lẹ bá fi owó tí mo ní kẹ́ ẹ fi ra aṣọ òtútù ra àkùkọ. Bàbá ṣẹ́ ẹsẹ̀ àkùkọ náà lórúkọ mi, wọ́n tò ó, wọ́n fi ọparun dì í, bí wọ́n ti í ṣe fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá ń tọ́jú. Ọjọ́ tí adìẹ bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ni aláìsàn náà yóò dìde. Ṣùgbọ́n àkùkọ tiwa kò dìde, ńṣe ló kú. Láti ọjọ́ náà lẹ ti dùbúlẹ̀, tí ẹ ò jẹ nǹkan gidi kan.

Kí n má parọ́, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín nígbà tí mo kà á. Mo rẹ́rìn-ín débi pé àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń wò mí. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé omi ń bọ́ lójú mi sínú ìkòkò tí mo ń fọ̀. Ní gbogbo ilẹ̀ yìí, Yèyé, bí mo bá ṣubú lójú títì, ẹni tó bá mọ̀ mí ni yóò dúró, ta ló sì mọ̀ mí? Ẹ̀yin wà n'Íléṣà, ẹ ń tọ́jú ẹsẹ̀ mi láti ọ̀nà tó jìn tó báyìí. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Ẹkún tí n ò tiẹ̀ sun lẹ gbọ́.

Mo ránṣẹ́ pé kí Àǹtí gbé yín wá sí ọ́fíìsì tẹlifóònù l'Óṣogbo. Ẹ gun ọ̀kadà bí ara yín ò ti yá tó yẹn. Mo pariwo sínú fóònù pé ara mi le, pé ẹsẹ̀ mi pé. Ẹ bi mí pé ṣé ẹnu ni wọ́n sọ pé ó kán ni. Ẹ ní àwọn tí bàbá yín ń to eegun wọn láyé ọjọ́un a máa sọ̀rọ̀ geere, àwọn mìíràn a tiẹ̀ máa kọrin. Ká sòótọ́, ẹ mú mi. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí pákó yẹn jẹ́, kó yé ẹ̀yin àti gbogbo ẹni tó ti ń bá wa kẹ́dùn.

Ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ẹja ni mo wà tẹ́lẹ̀, létí òkun. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn dúró, mo gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò fọ ìkòkò ní ìlú kékeré kan ní Nọ́wè níbí, Lillehammer lorúkọ rẹ̀, torí pé gbogbo ayé ń bọ̀ wá ṣeré níbẹ̀. Mo gbéra. Òtútù ìlú náà, ẹ má fi wé ọyẹ́ o. Irun inú imú èèyàn á dì gbagidi. Aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ń ṣú. Síbẹ̀ mo fara da ìyẹn. Èyí tí n ò lè fara dà ni kéèyàn kọjá lára èèyàn láìkí i. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lọ́nà ni mo ń kí, wọ́n sì ń yà fún mi bí ẹni yà fún wèrè.

Ẹni tó kọ́kọ́ pè mí wọ ilé rẹ̀ ni bàbá arúgbó kan tí ń bá wa gé búrẹ́dì ní ilé ìdáná, Nils lorúkọ wọn. Káfíńtà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ló ni pákó tí ẹ rí lẹ́sẹ̀ mi, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Àwọn náà ló ya fọ́tò. Ohun funfun tí mo dúró lé ni òjò dídì tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu àlùfáà. Láyé àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí Nils ṣe sọ, òjò dídì a bo ọ̀nà dé itan fún oṣù púpọ̀, ẹni tí kò bá ní pákó gígùn lẹ́sẹ̀ á rì wọnú rẹ̀. Pákó ni wọ́n fi ń ṣọdẹ, òun ni wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni wọ́n fi ń sáré lọ pe agbẹ̀bí. Ọ̀pá méjèèjì ni wọ́n fi ń ti ara wọn síwájú, bí ẹni wa ọkọ̀ ojú omi. Síkìì ni wọ́n ń pè é. Ẹlẹ́sẹ̀ líle ló ń wọ̀ ọ́, Yèyé, kì í ṣe arọ.

Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ìdíje. Òlíńpíìkì tí ẹ ń gbọ́ ní rédíò, tí àwọn ọmọ wa ti ń sáré, ti ìgbà ooru nìyẹn. Ó ní àbúrò, ti ìgbà òtútù. Lẹ́sẹ̀ òkè kan tó ń jẹ́ Chamonix, nílẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, yóò tó àádọ́rin ọdún báyìí. Wọn ò tíì bí yín nígbà náà. Wọn ò tiẹ̀ kọ́kọ́ pè é ní Òlíńpíìkì, ọ̀sẹ̀ eré ìgbà òtútù lásán ni wọ́n pè é. Ẹ̀yìn tí wọ́n ṣe é tán ni wọ́n tó fún un lórúkọ ńlá. Àwa kì í jẹ́ kó ju ọjọ́ kẹjọ lọ ká tó sọmọ lórúkọ, òyìnbó ń fi tiwọn falẹ̀. Ní ti àwọn obìnrin, ijó orí yìnyín tí ń yọ̀ nìkan ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n bá wọn ṣe níbẹ̀rẹ̀. Mo mọ èébú tí ẹ ó bú wọn fún ìyẹn.

Ogun àgbáyé kejì dé, eré dúró. Lẹ́yìn ogun, ó kan Nọ́wè láti gbà wọ́n lálejò ní Oslo, olú-ìlú wọn. Ọ̀dọ́ ni Nils nígbà náà. Wọ́n ní inú ààrò ilé kékeré kan ní abúlé, ilé ẹni tó la ọ̀nà eré síkìì fún wọn láyé àtijọ́, ni wọ́n ti dá iná tí wọ́n gbé wá síbi ayẹyẹ. Ó dùn mọ́ mi, torí ilé ni iná rere ti í wá. Ìgbà kan sì wà ní ilẹ̀ Austria tí òjò dídì kọ̀ tí kò rọ̀. Ẹ gbà mí o! Àwọn sójà ló lọ ń ru òjò dídì láti orí òkè wá tẹ́ sójú ọ̀nà eré. Ìyà tí à ń bẹ Ọlọ́run kó mú kúrò fún wa, àwọn ń fi sójà rù ú.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀rín. Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, Sarajevo ló gba eré yìí lálejò, tí gbogbo ayé ń jó níbẹ̀. Bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ogun ti sé ìlú náà mọ́, wọ́n sì ń sin òkú sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣeré. Nígbà ayẹyẹ níbí, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dìde, kí wọ́n dákẹ́ nítorí Sarajevo. Èmi náà bọ́ ìbọ̀wọ́ ìfọkòkò, mo dúró ṣánṣán. Mo ń ro ilé tiwa náà, pẹ̀lú bí ìlú ò ṣe fararọ.

Ẹ ó bèèrè bóyá aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà kan wà. Àwọn ará Jàmáíkà wà, tí òjò dídì kì í rọ̀ nílùú wọn, tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ kékeré kan tí ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé ti sú. Nàìjíríà ò rán ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo ń fọ ìkòkò ni mo ṣojú wa.

Ní ọjọ́ fọ́tò yẹn, ìṣubú tí mo ṣubú kò lóǹkà. Àwọn ọmọdé tí ìyá wọn ṣì ń nu imú fún ń kọjá lára mi wìì. Ìdí ló dùn mí, ẹsẹ̀ ò mọ̀ sí i. Nítorí náà, Bàbá Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àkùkọ yẹn dà yín lọ́kàn rú. Ọwọ́ yín ò bàjẹ́. Ẹsẹ̀ tí kò kán, kí lẹ fẹ́ kí adìẹ bá a tò? Adìẹ ń wá ẹni tí wọn ó jọ dìde, ẹni náà sì ti dìde tipẹ́. Ẹ ṣé, Bàbá. Bí mo bá fẹsẹ̀ ṣẹ́ lóòótọ́ lọ́jọ́ kan, tí Ọlọ́run ò ní jẹ́ o, n ò ní fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn.

Bí eré ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, Nils mú mi lọ wo eré síkìì ọ̀nà jíjìn nínú igbó. Ẹni tó gba ipò kìíní ti dé tipẹ́, wọ́n ti yẹ́ ẹ sí, mo ní ká máa lọ. Nils ní ó ku ẹnìkan. Òtútù ń jẹ wá, gbogbo èèyàn dúró. Nígbà tí ẹni náà yọ, tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀, tó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ariwo tí wọ́n pa fún un kò kéré. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró dè mí nílé ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo rí i pé lẹ́tà ò lè wo ohun tó ń ṣe yín sàn, bẹ́ẹ̀ ni fóònù ò lè wò ó, fọ́tò ni ká má tiẹ̀ sọ. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ọ̀gá ilé ìdáná ní iṣẹ́ tó dúró re ń dúró dè mí ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, kí n bẹ̀rẹ̀ ní Monday, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn á gbà á. Ẹ mọ bí mo ti tọrọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó. Mo ti sọ fún un pé kó fún ẹlòmíràn. Yèyé, mò ń bọ̀ wálé.

Ẹ jẹun. Ẹ ní kí wọ́n gúnyán fún yín lónìí, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má wá pàdé mi l'Ékòó, kí Àǹtí má sì gbé mọ́tò wá sí gáréèjì. Láti gáréèjì Iléṣà dé àdúgbò wa n'Ìṣọ̀kùn, ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé àga yín síwájú ilé. Bí ẹ bá rí mi lókèèrè, ẹ má dìde o, ẹ má sáré, ààwẹ̀ yẹn ti gba agbára yín. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ máa wò mí bọ̀. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín, n ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú yín, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́ wò, eegun kan lẹ́yìn èkejì, bí bàbá yín ti kọ́ yín.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì, àti ẹni tí ń gbàdúrà fún mi ní Ẹ̀sà-Òkè. Olúwa á dá yín sí, kò ní jẹ́ kí n bá àga òfìfo.

Èmi ni ọmọ yín, ẹlẹ́sẹ̀ méjì,
Táyọ̀.