Ọ̀ràn Omi Ẹ̀rọ Igbein àti Kànga Agbo-ilé Abíọ́nà

Agbo-ilé Abíọ́nà,
Igbein,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Àjọ Omi Ẹ̀rọ Ìrẹ̀pọ̀,
Ìbarà,
Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

OMI Ẹ̀RỌ TÓ LE, ÀTI KÀNGA WA TÍ Ẹ FẸ́ DÍ

Haleemah, ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Èmi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n n kò yadi. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ṣúgà sí ọ̀rọ̀ mi. Bí ẹ bá rí ibi tó dùn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

1. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Láti ọdún méjì tí ẹ ti gbé ẹ̀rọ omi sí ẹnu ọ̀nà agbo-ilé wa ni omi ti ń yọ níbẹ̀ lóòótọ́. A kò ní purọ́ mọ́ yín. Omi náà mọ́ lójú. Ó tún ń ṣe iṣẹ́ tí omi mìíràn kì í ṣe. Bí a bá fi ọṣẹ sí i, kì í hó, ńṣe ló máa ń ṣù bí wàrà tó bàjẹ́; irú rẹ̀ ni Haleemah ní wọ́n ń pè ní omi tó le. Bí a bá sè é, ó máa ń bá wa fi ẹfun kun ìdí kẹ́tù lọ́fẹ̀ẹ́. Kẹ́tù tí mo rà lọ́dún tó kọjá ti wúwo ju ọjọ́ tí mo rà á lọ. A dúpẹ́ fún ènì.

2. Iṣẹ́ aró ni mo ń ṣe. Ìyá mi ṣe é, ìyá rẹ̀ náà ṣe é. Obìnrin mọ́kànlá la jọ ń rẹ aṣọ ní àgbàlá kan, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, omi kànga tó wà láàárín àgbàlá náà la sì fi ń ṣe é. Nígbà tí ẹ ní kí a máa lo omi ẹ̀rọ, a gbọ́ràn. A fi omi yín po ìkòkò aró méjì. Ẹ̀lú kan náà, eérú kan náà, ọwọ́ kan náà. Aró kò mú aṣọ. Lydia tó ń bá wa tajà na ọ̀kan han oníbàárà. Onítọ̀hún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

3. A wá fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì yín ní oṣù Kọkànlá. Wọ́n ní ẹnìkan yóò wá wò ó. Ẹni náà dé ní oṣù Kìíní: Ọ̀gbẹ́ni Àdúràgbèmí. Ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó ní òun wá bu omi ẹ̀rọ sínú ìgò kí ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Nílé wa, a kì í bá àlejò sọ̀rọ̀ kí a tó fún un lómi, a kì í sì í fún un ní omi tí àwa fúnra wa kò lè mu. Mo bu omi kànga fún un nínú ife ńlá. Ó mu ún dé ààbọ̀, ó ní, "Ìyá, omi yín yìí mà dára o." Mo ní, "Mu ún, ọkọ mi." Ó rò pé inú ẹ̀rọ ni mo ti bù ú. Kò béèrè, èmi náà kò sọ, nítorí a kì í ka ìtàn omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó da ààbọ̀ tó kù sínú ìgò rẹ̀, ó dé e, ó lẹ ìwé mọ́ ọn lára, ó lọ. Mo rò pé ọ̀nà ni yóò ti mu ún. Èmi tí n kò kàwé, ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ṣe ń yẹ omi wò?

4. Lẹ́tà yín dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kí Haleemah kà á lẹ́ẹ̀mejì, torí mo rò pé ó ṣì í kà. Ẹ ní ẹ ti yẹ omi ẹ̀rọ Igbein wò. Ẹ ní ó rọ̀, kò le rárá, ó dára fún mímu, fún ìfọṣọ àti fún aró. Ẹ ní nígbà tí irú omi rere bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà wa, kí ni a tún ń fi kànga tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò ṣe? Nítorí náà, ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, àwọn òṣìṣẹ́ yín yóò wá fi sìmẹ́ǹtì dí i.

5. Ẹ̀yin Ọ̀gá, bí ẹ bá wà lórí ìdúró, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó. Omi kànga ni ẹ yẹ̀ wò. Òun ni ẹ yìn. Òun náà ni ẹ fẹ́ dí. N kò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń dá ènìyàn láre tán kí wọ́n tó tì í mọ́lé.

6. Mo gba ẹ̀bi tèmi. Omi yín ló yẹ kí n fún Ọ̀gbẹ́ni Àdúràgbèmí mu. Ojú rẹ̀ ì bá ti jẹ́rìí kí ìgò tó jẹ́rìí. Ẹ má lé e kúrò níṣẹ́. Ẹ kàn kọ́ ọ kó máa rìn dé ìdí ẹ̀rọ. Láti orí àga tó jókòó sí, ìṣísẹ̀ méjìdínlógún ni.

7. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ má dí kànga wa. Ẹ rán ẹlòmíràn wá bu omi méjèèjì, ìgò kan láti inú ẹ̀rọ, ìgò kan láti inú kànga, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sí wọn lára lójú wa. Lẹ́yìn náà, ẹ wá nǹkan ṣe sí èyí tó le. Bí kànga yẹn bá fi lè dí, iṣẹ́ obìnrin mọ́kànlá ti tán nìyẹn. Mojí tó jẹ́ opó láàárín wa kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Èmi ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí n lọ kọ́.

Ẹ ṣeun, pàápàá bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀ ibí yìí.

Èmi ni tiyín, ó kéré tán títí di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n,

(Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún)
Àlímátù Abíọ́nà,
Ìyá Aláró, Agbo-ilé Abíọ́nà.

Haleemah, má tíì gbé bírò sílẹ̀. Kọ èyí sí ìsàlẹ̀ kí àwọn náà lè kà á. Mú ẹ̀dà kan lọ fún Baálẹ̀, kí ó má wí pé òun kò gbọ́. Mú ọ̀kan fún Lèmọ́mù wa, ọ̀kan fún pásítọ̀ ìjọ tí Lydia ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ sọ fún Mojí àti àwọn tó kù pé ní ọjọ́ tí wọ́n dá yìí, kí kálukú gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde ní kété tí a bá kírun àárọ̀ tán. Yíká ẹnu kànga la ó jókòó sí. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá gbé sìmẹ́ǹtì dé, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn jà. Kí a kí wọn dáadáa, kí a sì bi wọ́n léèrè èwo nínú wa ni wọn yóò kọ́kọ́ dà á lé lórí.