Omi Tí A Kì Í Dúpẹ́ Fún

Ojúlé Alágbàfọ̀,
Ìdí Òkè, Agbowó,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹta, 1985.

Nùrẹ́nì ọmọ mi,

Bí ara rẹ bá le ní Jọ́ọ̀sì tí o wà yẹn, ara tèmi náà le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣé òtútù ibẹ̀ kò mú ọ jù? Ṣé o sì ń kírun lásìkò? Mùtíátù àbúrò rẹ ń kí ọ. Ó ti ga jù mí lọ báyìí, ẹnu rẹ̀ náà sì ti gùn sí i.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n gòkè lọ bá Olóyè Akínsànyà, kí n kúnlẹ̀, kí n dúpẹ́ oore àtẹ̀yìnwá, bóyá á tún rán omi sí wa. O ṣeun, ọmọ mi, o gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ yẹn gan-an ló kó bá wa. Fara balẹ̀ kí n ròyìn fún ọ.

O mọ̀ pé nígbà tí o ń lọ, Olóyè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé ìtura rẹ̀ sórí òkè. Ó ti parí rẹ̀ o, ó sì rẹwà. Àwọn olówó ń ti Bódìjà àti Jericho wá gbafẹ́ níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ó wá gbẹ́ kànga ẹlẹ́ńjìnnì tó jìn wọnú àpáta. Kí ọyẹ́ tó parí, ìsun wa tó wà nísàlẹ̀, tí kò gbẹ rí láti ìgbà tí bàbá rẹ ti mú mi ti Ìgbòho dé, ti di ẹrẹ̀. Èmi tí mò ń fọ aṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá aṣọ padà fún wọn ní ìdọ̀tí. Ó dùn mí wọra. Iṣẹ́ tí mo fi rán ọ níwèé ló ń kú lọ lójú mi yẹn.

Olóyè gbọ́, ó rán tánkà omi sí wa. Kí la ṣe? Ilẹ̀ mọ́, gbogbo àdúgbò tò lọ sórí òkè láti kí i pé ẹ ṣé àná. Àwa kọ́ la ó gba nǹkan lónìí tí a kò ní í dúpẹ́ lọ́la. Ìyá Moróunkẹ́, aládùúgbò wa tó ń ṣe ìjọ Aládùúrà, ló ṣáájú. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ gan-an, á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí tánkà bá ti wá la máa ń lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kejì, àlejò pọ̀ nílé ìtura, tánkà kò wá mọ́. A lọ béèrè. Olóyè ní oore ni òun ń ṣe, ó sì ní bí kì í bá ṣe oore, kí ló ń gbé wa wá dúpẹ́?

Inú bí mi. Mo kó àwọn ìyá àdúgbò lẹ́yìn, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Ògúntúndé, olórí ẹbí tó ta òkè náà fún Olóyè. Bàbá ránṣẹ́ pè é, ó sì wá. Bàbá ní, “Akínsànyà, òkè la tà fún ọ. A kò ta omi. Àwọn tó ń gbé ìdí òkè ló ni ìsun yẹn, o sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí a wọn ilẹ̀.” Olóyè ní òótọ́ ni. Kì í ṣe èèyàn burúkú, Nùrẹ́nì; ọpẹ́ wa ló jẹ́ kó gbàgbé. A fẹnu kò níbẹ̀ pé yóò fa páìpù láti kànga rẹ̀ wá sí ìdí òkè, pé tiwa ni yóò kọ́kọ́ máa sàn kí omi tó wọ ibi tí àwọn àlejò rẹ̀ ti ń lúwẹ̀ẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́, tánkà ni yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Mo wá kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé lọ́jọ́ tí omi bá dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúpẹ́. Ẹ káàbọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òòrùn, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣé, rárá. Ọmọ mi, ó le ju kí èèyàn máa fọ jíǹsì lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, omi tú jáde nínú ẹ̀rọ, ó mọ́ gaara. Olóyè dúró nínú agbádá funfun, ó ń wojú wa. A kí i títí, a ò dúpẹ́. Ìyá Moróunkẹ́ ki etí gèlè bọ ẹnu. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo di ara mi mú. Nígbà tó pẹ́, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Láàárọ̀ àná, mo ń fọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ àgò. Olóyè ni, òun àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ó tẹrí ba, ó ní, “Ìyá Nùrẹ́nì, ẹ ṣé àná o. Ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kí n máa pín nínú omi yín.”

Ọṣẹ kún ọwọ́ mi dé ìgúnpá. Mo dá a lóhùn pé, “Kò tọ́pẹ́.”

Ọlọ́run Allah yóò fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. O kò ní í ṣàìsàn lájò. Ayọ̀ ni wàá bá wọlé, ayọ̀ náà ni wàá sì bá nílé. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Zùwáírátù Àyànníyì.

Àfikún: Má fọ aṣọ rẹ ní Jọ́ọ̀sì kí o tó máa bọ̀ wá ṣe Iléyá. Dì í wá bó ṣe wà.