Páìpù Tó Ń Jò Kò Lé Mi Kúrò ní Muchia

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ kú àárò ọmọ tó lọ jìnnà. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá mi. Mo kí Ìyá Àgbà, ṣé orúnkún kò dùn wọ́n mọ́? Mo kí Dàpọ̀ àbúrò mi àti ìyàwó ọ̀ṣìngín rẹ̀. Màámi, mo gbọ́ pé ẹ ti kéde fún gbogbo agboolé pé Bọ́sẹ̀ ń kó bọ̀ wálé láti Zaria, pé iṣẹ́ aránṣọ rẹ̀ ti dojú dé. Ó dáa. Gbangba lẹ ti sọ ọ́, gbangba náà ni màá ti fèsì. Ẹ ní kí Dàpọ̀ kà á sókè, kó má fo ọ̀rọ̀ kankan.

Ẹ kò purọ́ o. Bí ẹ bá rí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹkún lẹ ó bá lójú mi. Ẹ mọ̀ pé ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kún fún ṣọ́ọ̀bù, ní àdúgbò Muchia ní Zaria níbí, ni mo ti ń ránṣọ. Táńkì omi wà lókè, páìpù rọ́bà kan ló sì gbé omi sọ̀kalẹ̀, tó gba iwájú gbogbo wa kọjá. Oòrùn ti yan páìpù náà láti ọdún pípẹ́. Bí ọyẹ́ ọdún yìí ti wọlé, tí òtútù ń la ètè ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ló ń la páìpù. Kaduna ni onílé ń gbé. Málàm Garba tó ń bá a mójú tó ilé pè é títí, òun náà ní òun ń bọ̀, a kò rí i.

Ni oníkálukú bá di púlọ́ḿbà. Ẹ̀rín á pa yín, Màámi. Onígbàjámọ̀ yọ́ nailọ́ọ̀nù lórí iná àbẹ́là, ó kán an sójú ihò. Ẹni tó ń ta fóònù fi ọṣẹ dí tiẹ̀. Èmi lọ tọrọ tíúbù ọ̀kadà lọ́wọ́ fọkanáísà, mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi wé ibi tó ń jò lókè ọ̀dọ̀ mi, mo fà á le bí ẹni ń pọnmọ. Kò pẹ́ tí páìpù fi dà bí ẹni tó bọ́ nínú jàǹbá ọkọ̀, báńdéèjì lọ́tùn-ún, báńdéèjì lósì.

Tèmi gbẹ. Mo ń kọrin. Àṣé bí ènìyàn bá dí omi níbìkan, ibòmíràn ló máa gbà. Ọ̀dọ̀ Hajiya Ladi ló gbà yọ. Ẹgbẹ́ mi ni, ẹnu ọ̀nà tó kàn mí ló ti ń dín masa, àkàrà ìrẹsì àwọn ará ìhín. Omi dà sórí èédú rẹ̀, iná kú fìì lójú àwọn oníbàárà. Ó fìbínú gun àga, ó tú tíúbù mi, ni páìpù bá bẹ́ gbàù! Omi ya bo aṣọ yúnífọ́ọ̀mù tí mo ti gé sílẹ̀ fún ilé-ìwé kan, tí wọ́n fẹ́ gbà kí àwọn ọmọ tó wọlé. Mo bẹ̀bẹ̀ títí kí n tó rí iṣẹ́ yẹn gbà. Bí n kò bá rí i fi jíṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù ti lọ nìyẹn.

Èmi àti Hajiya sọ̀rọ̀ síra wa lọ́jọ́ náà. Mo sọ Haúsá tí n kò mọ̀ pé mo gbọ́. Ó ní ńṣe ni mo mọ̀ọ́mọ̀ darí omi sí òun, pé ṣé torí òun kì í ṣe ará ilé mi ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ẹni tó ń gbé masa gbígbóná wá fún mi nígbà tí ibà dá mi wó, tí n kò ní ẹnìkankan nílùú yìí! Ìgbà yẹn ni mo pè yín, tí mo ní mò ń bọ̀. Mo ti fi aṣọ bo máṣíìnì.

Lọ́jọ́ kejì, Hajiya dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. Kò bẹ̀bẹ̀, èmi náà kò bẹ̀bẹ̀. Olórí kunkun ni àwa méjèèjì. Ó kàn sọ pé ní oko bàbá òun ní Basawa, bí iṣẹ́ bá ju agbára ẹnì kan lọ, gayya ni wọ́n ń pè. Màámi, ọ̀wẹ̀ tiwa náà ni gayya. Ó ní páìpù kan ṣoṣo ni, kí ló dé tí oníkálukú fi ń tún iwájú tiẹ̀ nìkan ṣe? Mo ṣí aṣọ kúrò lórí máṣíìnì.

Ó lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó pè wá jọ. Málàm Garba ti omi pa. A tú gbogbo pàǹtí tí a wé mọ́ páìpù, a gé ibi tó ti bàjẹ́ sọnù. Onígbàjámọ̀ tọrọ àgékù páìpù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ṣùgbọ́n a kò ní ohun tí wọ́n fi ń so méjì pọ̀. Málàm ní kí a gbé ẹnu àgékù náà sórí iná. Iná masa Hajiya náà la lò o! Málàm ń yí i lókè èédú, kò jẹ́ kó jóná, títí ó fi rọ̀. Ó fi gọ́ọ̀mù pa ẹnu èkejì, ó tì í bọ inú rẹ̀. Bó ṣe tutù báyìí, ó dì mọ́ra gírígírí. Èmi di ìdí páìpù mú, Hajiya ń fẹ́ná, èéfín ń ta wá lójú, n kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú àwa méjèèjì.

Nígbà tí Málàm ṣí omi, gbogbo wa gbójú sókè. Kò jò. Wọ́n ń yin Ọlọ́run lédè Lárúbáwá, èmi ń pariwo halelúyà.

Aṣọ tó rẹ ńkọ́? A sá a sínú atẹ́gùn ọyẹ́, kó tó di ọ̀sán ó ti gbẹ kankan. Mo tún èyí tó bàjẹ́ gé. Mo rán an títí ọrùn fi ń ro mí, mo sì fi jíṣẹ́ lọ́jọ́ àdéhùn. Wọ́n ti ní kí n máa rán tọdún tó ń bọ̀.

N kò ní tàn yín, iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ la ṣe. Onílé ti ṣèlérí páìpù tuntun. À ń wò ó. Bí kò bá rà á, a ó tún pe gayya.

Màámi, mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi pè mí. Àárò yín ń sọ mí, kódà bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, tọmọdé tàgbà. Màá wá kí yín lọ́dún Àjíǹde, ṣùgbọ́n mo máa padà. Yàrá mi tí ẹ ti gbá dè mí, ẹ kó Dàpọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ sí i.

Èmi ni Bọ́sẹ̀, ọmọ yín, aránṣọ Muchia.