Èènì Orí Óòtì

Ajé, 1/9/2025
Nọ́ọ̀sì Tọ́pẹ́ ní kí n máa kọ ohun tí mo bá jẹ sílẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi kọ̀, kò wálẹ̀. Bí oṣù yìí bá parí tí kò wálẹ̀, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ni. Èmi Síkírù, tí mo gba ojú fèrèsé kíláàsì jáde nígbà tí alábẹ́rẹ́ àjẹsára dé! Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́. Dókítà ní ìdajì kọ́ọ̀pù óòtì láràárọ̀, ó tán.

Ọjọ́rú, 3/9
Ọ̀gá Kọ́ńgò — ìyàwó mi Mùínátù, tó ti ń ta gààrí láti ìgbà tí a ti fẹ́ra — ló ń wọn óòtì. Ó rí ife kan tó ṣe déédéé ìdajì kọ́ọ̀pù. Ó dáa. Àmọ́ ọwọ́ gààrí ló fi ń wọ̀n ọ́n. Á bù ú títí yóò fi mú orí jáde bí òkìtì ọ̀gán, á wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì. Mo ní dókítà ò sọ ti èènì. Ó ní dókítà ò tajà rí. Ẹni tí kò bá bu orí sí kọ́ńgò, ahun ni, òun ò sì ní í ṣahun sí ọkọ òun láéláé.

Jímọ́ọ̀, 5/9
Ṣúgà ga. Óòtì dùn.

Àìkú, 7/9
Hafeezah ọmọ wa pè láti Kánádà. Mo fẹjọ́ ìyá rẹ̀ sùn ún. Ó ní ká pa ife tì, ká máa fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n: ìdajì kọ́ọ̀pù tí a gbá orí rẹ̀ dọ́gba, ogójì gíráàmù ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yóò gbé òṣùwọ̀n kékeré wá. Ìyá rẹ̀ já fóònù gbà: "Hafeezah, ṣé wúrà ni bàbá rẹ fẹ́ máa jẹ ni?"

Ọjọ́rú, 10/9
Òṣùwọ̀n dé. A gbé ife Ọ̀gá Kọ́ńgò lé e, pẹ̀lú orí, pẹ̀lú èènì. Gíráàmù márùndínlọ́gọ́rin! Ọ̀gá Kọ́ńgò gbọn òṣùwọ̀n náà wò. Ó ní bóyá bátìrì rẹ̀ ni. A da èyí tó lé padà sínú páálí óòtì. Ó wá ń wo ogójì tó ṣẹ́kù nínú abọ́, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Bàbá Hafeezah, irú oúnjẹ wo ni mo gbé síwájú yín yìí? Kí àwọn ẹ̀gbọ́n yín má gbọ́ o." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. N kò lè rín in.

Ìṣẹ́gun, 16/9
Ogójì géérégé. Àmọ́ èènì ò kú — inú abọ́ tirẹ̀ ló ń bọ́ sí báyìí, pẹ̀lú mílíìkì àti ṣúgà. Ó ní oúnjẹ tí kò ní èènì kò ní ìbùkún, òun á máa bá mi jẹ ẹ́. Abọ́ tèmi bí ti ológbò, tirẹ̀ bí ti aróko.

Jímọ́ọ̀, 19/9
Ebi.

Ajé, 29/9
Alhamdulillahi! Ṣúgà mi wálẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ mọ́. Mo fẹ́ẹ̀ jó. Ọ̀gá Kọ́ńgò ń yan láàárín àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn, ó ń sọ fún gbogbo wọn pé òun lòun ń wọn óòtì mi. Nọ́ọ̀sì Tọ́pẹ́ bá ní, "Mọ̀má, ẹ mú ọwọ́ wá, ká yẹ tiyín náà wò." Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi nà án. Tọ́pẹ́ wo ẹ̀rọ. Ó tún gún ìka mìíràn. Ṣúgà tirẹ̀ ga ju èyí tó dẹ́rù bà mí níbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí lọ.

Ìṣẹ́gun, 30/9
Ọ̀gá Kọ́ńgò jókòó sídìí tábìlì, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Lónìí, èmi ni mo wọn óòtì tirẹ̀ — èmi tí mo fẹjọ́ rẹ̀ sun ọmọ. Mo ń bù ú díẹ̀díẹ̀. Ogójì géérégé. Mo wo abọ́ náà. Mo wo ojú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.
N ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi tún bọ inú páálí.