Ẹ̀jẹ̀ Tó Dúró De Ìkíni

                                        Ilé Bàbá Ògúndìran,
                                        Kétu, Benin.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Yéjídé,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara yín ti mókun? Ṣé ọmọ tuntun ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ẹsẹ̀ ìyá wa ńkọ́? Ara tèmi le, inú mi ni kò balẹ̀.

Láràárọ̀, mo máa ń fi etí ìborùn mi nu ojú kọ̀ǹpútà làbó ilé ìwòsàn wa, torí eruku pupa ìlú yìí kì í sinmi. Màá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí rẹ́sò íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé, màá ṣí ìkànnì kan, màá fi fáìlì aláìsàn tí Kútọnù, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, fi ránṣẹ́ sí i, màá wá káwọ́ gbera. Tó bá yá, ìkànnì náà á ya àwòrán kan bí òkè. Òkè náà ló ń sọ bí àwọn àjákù ADN, èròjà àjogúnbá, tó ń léfòó nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni náà ti gùn tó. Bí àwọn kúkurú bá pọ̀ jù, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Irú wọn ni Dókítà Cyriaque, ọ̀gá wa, ń tètè rán lọ fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, owú ń pa mí. Aurore tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ní sítáájì, ọmọ Kétu ni. Lóṣù tó kọjá, mo kí Ìyá Rachidi, àgbẹ̀ kan láti Okpomèta tí inú ń run. Wọ́n ní, “Ọmọ Paràkú, o kí mi bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀. Pe ọmọ wa wá!” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wá lọ fọ ìgò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Aurore kúnlẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀, ó fi ìgò rẹ̀ sápò, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìkíni: ọkọ ńkọ́, ìyálé ńkọ́, iṣu ńkọ́, ewúrẹ́ tó bí ìbejì ńkọ́. Níbí, ẹni tó bá já ìkíni láàárín, bí ẹni tó bú ni ni. Oòrùn ń pa àpò rẹ̀, mo sì dúró, mò ń jowú ẹ̀rín rẹ̀.

Lónìí ni fáìlì ẹ̀jẹ̀ Ìyá Rachidi dé. Kúkurú kò pọ̀. Dókítà ní, “Aurore, o káre! Kí Ìyá máa lọ sóko wọn.” Wọ́n tún ní òun ló máa bá àwọn lọ fi iṣẹ́ wa hàn ní Kútọnù.

Nígbà tí wọ́n jáde, mo tún àwòrán náà wò. Lápá ọ̀tún, àwọn àjákù gígùn ga bí ebè iṣu. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́ nínú ooru, bí èyí tó wà lápò Aurore, kó tó wọ inú ẹ̀rọ tó ń yí i, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á bẹ́, ADN gígùn á tú jáde, á sì bo àwọn kúkurú mọ́lẹ̀. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Èmi rí èyí. Ṣùgbọ́n inú mi kọ́kọ́ dùn pé Aurore ṣìṣe, kí n tó rántí Ìyá Rachidi. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní owú ló ń sọ̀rọ̀. Wọn ò ní parọ́. Bí mo bá sì dákẹ́, Ìyá á máa kọ ebè lọ pẹ̀lú inú rírun.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì fi ẹnu kan ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi.

Lọ́la, màá sọ ọ́ fún Dókítà níwájú Aurore, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Màá ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Rachidi padà. Kí Aurore gba ẹ̀jẹ̀, kó sì kí wọn títí dé orí ewúrẹ́; ìgò á ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, á ti wà lọ́wọ́ mi, èmi á sì ti máa sáré lọ sídìí ẹ̀rọ.

Àbúrò yín tí ilé ń wù,
Fàsílátù