Ẹni Tí Ó Pè Mí sí Jámánì

Ọjọ́ Ajé, 2 Èrèlé 1998
Ìwé Eyínmẹ́nugún dé lónìí. Ó ní kí n wá sí Jámánì, kí n lo oṣù méjì lọ́dọ̀ òun. Fọláyẹmí, ọmọ mi àbígbẹ̀yìn, kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí ó máa kọ gbogbo ohun tí a bá ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, kí ó kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́. Mo sọ ulé, ó ti kọ ilé. Olùkọ́ ni. Kò lè ṣe kó má tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe.

Eyínmẹ́nugún ni àbúrò ọkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé wọn níbí ní Ìkẹ́rẹ́. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ àná ni wọ́n bí i, ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo wo ẹnu rẹ̀. Eyín funfun, kéékèèké, ó tò bí àgbàdo tútù. Mo ní, Eyínmẹ́nugún. Ó dá mi lóhùn. Láti ọjọ́ náà, n kò pè é ní nǹkan mìíràn. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo fún un lóúnjẹ lọ sílé ìwé.

Ọdún kẹrìnlélógún rèé tó ti lọ. Ó ń fi owó ránṣẹ́, ó ń fi aṣọ ránṣẹ́. Kò wá sin ìyá rẹ̀. Kò wá sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí í ṣe ọkọ mi. Mo fẹ́ lọ wo ohun tó dè é mọ́bẹ̀. Kì í ṣe pé àárò ń sọ mí. Mo kàn fẹ́ fi ojú ara mi rí i.

Ọjọ́bọ̀, 5 Èrèlé
Kóòtù. Òyìnbó fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Mo sọ fún akọ̀wé pé ọdún tí eéṣú bo oko ni, iṣu titun sì ti dé ọjà. Ó ronú, ó ní 1930 nìyẹn, oṣù kẹjọ.
Ó ní, "Ọjọ́ wo nínú oṣù, Màmá?"
Mo ní ṣé èmi ni mo gbẹ̀bí ara mi ni?
Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó lu òǹtẹ̀. Mo bi í bóyá ọjọ́ tó wù ú ló ń mú fún gbogbo èèyàn. Ó ní àárín oṣù ni òun máa ń mú, kó má baà jìnnà sí òtítọ́ jù. Ọ̀rọ̀ gidi. Mo di ẹni tó ní ọjọ́ ìbí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Èrèlé
Fọ́tò. Wọ́n ní kí n ṣí gèlè, etí mi ni òyìnbó fẹ́ rí. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò sí ẹni tó béèrè etí mi rí.

Ọjọ́rú, 18 Èrèlé
A lọ gba páàsípọ́ọ̀tù ní Àkúrẹ́. Epo bẹntiróòlù wọ́n, ọkọ̀ kò tètè yá. Mo ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́. Ìwé kékeré, aláwọ̀ ewé. Mo bi wọ́n bí mo ṣe máa mọ̀ pé tèmi ni, n kò mọ̀wé. Wọ́n ṣí i, wọ́n fi etí mi hàn mí.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Èrèlé
Lẹ́yìn ìsìn, a yà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Bánkọ́lé, aládùúgbò wa. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ti ń kọ́ni. Ó ti gbé Jámánì rí. Mo ní kí ló yẹ kí n gbé dání. Ó ní ohun tí kò yẹ ni kí n kọ́kọ́ gbọ́. Ẹran gbígbẹ kò gbọdọ̀ wọ ìlú wọn. Iṣu tí erùpẹ̀ bá wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Wọ́n á gbà á dànù.
Mo ní ta ni yóò sọ fún wọn pé mo di ẹran?
"Ajá, Yèyé. Ajá ló ń gbóòórùn àpótí."
Bí ó bá wá rí ẹran náà ńkọ́?
"Á jókòó tì í. Kò ní jẹ ẹ́."
Mo ní irọ́ ni. Ó búra. Ìyàwó rẹ̀, ìyá Ọmọ́túndé, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ajá tó rí ẹran tó jókòó — nǹkan méjì ni mo ń lọ wò báyìí.

Ọjọ́ Ajé, 2 Ẹrẹ́nà
Fọ́ọ̀mù físà. Fọláyẹmí ń kà á, mo ń dáhùn. Wọ́n ní ṣé mo ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ní n óò gún iyán fún un, ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Fọláyẹmí kọ rárá. Wọ́n ní kí ló máa mú mi padà wálé. Mo ní kí ó kọ kòkó mi tó wà lọ́nà Ìṣẹ̀, àti pé ibojì mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ mi. Kòkó nìkan ló kọ.
Wọ́n béèrè orúkọ ẹni tó pè mí. Ó kọ ọ́ láìbi mí. Ẹnu mi kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Ẹrẹ́nà
Èkó. Ẹ́ńbásì Jámánì. A ti wà lórí ìlà láti ìdájí. Wọ́n ní èmi nìkan ni kí n wọlé, Fọláyẹmí dúró síta.
Obìnrin òyìnbó kan wà lẹ́yìn gíláàsì, ojú rẹ̀ bíi ti ológbò. Ọmọ Yorùbá kan dúró tì í, ó ń túmọ̀, ó so táì mọ́rùn. Ojú-ológbò àti Onítáì — n kò mọ orúkọ wọn, ìyẹn ni mo fún wọn.
Ojú-ológbò bi mí ọmọ mélòó ni mo bí. Ó bi mí ohun tí mo ń gbìn. Mo dáhùn. Inú rẹ̀ dùn sí ọ̀rọ̀ kòkó. Ó ní ta ló pè mí.
Mo ní Eyínmẹ́nugún.
Onítáì wo ìwé. "Màmá, ìyẹn kọ́ ló wà níbí."
Mo ní mo mọ̀.
"Ẹ pe orúkọ rẹ̀ gan-an."
Mo ní n kò lè pè é, mo bá a nílé ọkọ ni.
Ó fi ẹnu sún mọ́ ihò gíláàsì, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ kàn pè é wẹ́rẹ́. Kò sí ará ilé yín kankan níbí."
Mo ní èmi wà níbí.
Ó túmọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ bó ṣe túmọ̀ rẹ̀. Ojú-ológbò kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ní ó dà bí ẹni pé n kò mọ ẹni tí mo fẹ́ lọ bá. Wọ́n ní àwọn máa bi ẹni tó pè mí fúnra rẹ̀ lọ́hùn-ún bóyá ó mọ Eyínmẹ́nugún. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, físà ti jáde.
Mo ní ẹ bi í. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá.

Ọjọ́rú, 11 Ẹrẹ́nà
Fọláyẹmí bínú sí mi láti Èkó dé Ìkẹ́rẹ́. Mo sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Ẹrẹ́nà
Ìyá Ọmọ́túndé ké sí wa láti ojú fèrèsé pé tẹlifóònù. A sáré lọ sílé wọn. Eyínmẹ́nugún ni, láti Jámánì. Ohùn rẹ̀ ti wúwo. Ó ní, "Ẹ ǹ lẹ́ o, Màmá." Màmá! Ìyàwó mi ló máa ń pè mí.
Ó ní àwọn ìjọba pe òun. Wọ́n kọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀, wọ́n ní kí òun kà á. Ó kà á fún mi: Eyínmẹ́nugún. Ó ní òun sọ fún wọn pé òun kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí.
"Ta ni, Màmá? Ṣé ẹni tó fẹ́ bá yín wọlé ni? Ẹ ṣọ́ra o."
Fọláyẹmí ń wò mí.
Mo ní, "Ẹnì kan tí mo mọ̀ rí ni."
Ó ní ó dáa. Ó ní kí a padà lọ sí ẹ́ńbásì, kí n sáà sọ orúkọ tó wà nínú ìwé. Mo kí ìyá Ọmọ́túndé, mo wá sílé.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Ẹrẹ́nà
N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi Fọláyẹmí: gbogbo ìwé tí mo ti ń ní kí ó kọ láti ọdún wọ̀nyí wá, tí mo ń sọ pé kọ ọ́ sí Eyínmẹ́nugún, kí ló ń kọ?
Ó ní orúkọ gidi ni. "Irú orúkọ yẹn kì í wọ lẹ́tà, Yèyé. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ará oko."
Mo ní kọ èyí náà sílẹ̀. Ó ń kọ ọ́. Omijé rẹ̀ ń ba tàdáwà jẹ́. Kó má kàn ya ìwé náà.
Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi pe èèyàn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò yẹ kí ó dúró de lẹ́tà.
Ó ní ṣé kí a fi ìrìn àjò náà sílẹ̀. Mo ní rárá. Tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ mọ ohun tó dè é. Ní báyìí, mo fẹ́ mọ ohun tó gbọ́n orí rẹ̀ ṣófo.

Ọjọ́ Ajé, 30 Ẹrẹ́nà
Èkó. Onítáì rí mi, ó mí kanlẹ̀. Ó rọra béèrè, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan egbò.
Mo ní, Jeremiah Ọlábọ̀dé.
Ẹnu mi kò wọ́. Òrùlé kò wó. Ojú-ológbò kò tilẹ̀ gbé orí sókè, ó kàn ń kọ̀wé lọ.
Onítáì ní, "Màmá, ṣebí ẹ ní ẹ ò lè pè é?"
Mo ní èyí tí mo fi ń bò ó ti bọ́.
Kò túmọ̀ ìyẹn. Ní ọ̀sán, wọ́n dá páàsípọ́ọ̀tù padà. Wọ́n ti lẹ bébà kan tó ń dán mọ́ inú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 16 Igbe
Ọ̀la ni n óò lọ. Mo fi kànìnkànìn fọ iṣu mẹ́ta bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, kò sí erùpẹ̀ lára rẹ̀ mọ́. Mo di ẹran ìgbẹ́ kékeré kan sí ìsàlẹ̀ àpótí. Fọláyẹmí rí i, ó yọ ọ́, ó ní wọ́n á dá mi padà láti ẹnu ọ̀nà. Ajá náà ni mo fẹ́ dán wò. Ó dáa, n óò wò ó níbi àpótí ẹlòmíràn.
Ó bi mí ohun tí n óò pe Eyínmẹ́nugún bí ó bá wá pàdé mi níbi ọkọ̀ òfuurufú. Ṣé Eyínmẹ́nugún náà ni, àbí Jeremiah?
Mo ní kí ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. N óò wo eyín rẹ̀.