Ẹ Yọ Divine Kúrò Lọ́wọ́ Tíṣà Yẹn

Aunty Ṣìkẹ́mi, ṣé ẹsẹ̀ Mọ́mì ti fúyẹ́? Ẹ bá mi kí wọn, ẹ kí ọkọ yín náà. Àlàáfíà la wà ní Conyers, ní America níbí. Kò sẹ́ni tó mọ forklift tí wọ́n fi ń gbé ẹrù wà tó mi ní warehouse.

Mo gbọ́ pé Divine yín ń bì láràárọ̀ torí tíṣà á nà án tí kò bá kọ one to hundred. Ọmọ ọdún mẹ́ta. Òpònú ni tíṣà yẹn. Ní preschool Praise ọmọ mi, eré ni iṣẹ́ wọn. Ó to block, ó wó, ó tún un tò, ó wá ní, "Daddy, èyí tó heavy ló ń wà nísàlẹ̀." Oṣù kan ni páálí fi wó lù mí ní warehouse kí n tó mọ̀yẹn.

Ọlọ́run á dá Divine sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ní Monday. Ẹgba ló lé èmi kúrò ní school.

Àbúrò yín,
Oyèkànmí